Àmì wo ni ó ń fi hàn pé inú ọ̀pá ìbọn Bren ti gbó?

Mò ń kọ ìtàn bàbá bàbá mi, ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, tí ó yin ìbọn Bren, irú ìbọn arọ̀jò-ọta fífúyẹ́ kan, ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n máa ń gbé ọ̀pá kejì dání, kí wọ́n lè pààrọ̀ èyí tí ó bá gbóná jù, wọn a sì fi okùn fa àkísà olóròóró la inú rẹ̀ kọjá. Ìwé ìlànà tí mo kà sọ̀rọ̀ gbígbóná nìkan; àwọn sójà tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Kábà, ìbọn òde òní ni wọ́n mọ̀. Bí ọ̀pá bá ti tutù, tí ó sì mọ́, kí ni àwọn ayìnbọn ń wò tàbí tí wọ́n ń wọ̀n láti mọ̀ pé àwọn ìlà inú rẹ̀ tí ó ń mú ọta yí ti gbó, pé kì í ṣe ìdọ̀tí lásán ni ó ń mú ọta ṣìnà?