Ẹ̀bùn ìparí tọ́ọ̀mù fáwọn tíṣà: kí lẹ máa ń fún wọn tí kò ní ná yín lówó rẹpẹtẹ?

Ìyá_Ìbejì_Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìparí oṣù July yìí làwọn ọmọ wa máa gba họ́lídè, mo sì fẹ́ fáwọn tíṣà wọn ní nǹkan. Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé ìbejì ni tèmi, Pírámárì 2 ni wọ́n wà, wọn ò sì sí ní kíláàsì kan náà torí wọ́n ní tí wọ́n bá jókòó pọ̀ Táíwò ló máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè fún Kẹ́hìndé. Tíṣà méjì nìyẹn. Àǹtí tó máa ń bá mi wò wọ́n di aago mẹ́rin kí n tó dé láti ibiṣẹ́ náà ńkọ́, àti bàbá ẹnu géètì tó ti gbé Kẹ́hìndé sọdá ẹrẹ̀ láìmọye ìgbà lásìkò òjò yìí. Èèyàn mẹ́rin gbáko, ₦15,000 péré ni mo lè yọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, ẹ̀yin náà ń lọ sọ́jà.

Lọ́dún tó kọjá kéèkì ni mo rà, mo gbé e lé itan lórí ọ̀kadà, ká tó dé ọ̀hún gbogbo ṣúgà orí ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ páálí, "THANK YOU" ti di "THAN". Tíṣà náà ní ẹ ṣeun mọ́mì, ojú sì tì mí débi tí mi ò lè dúró gba rìpọ́ọ̀tù káàdì. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnì kan ti wá sọ lórí WhatsApp àwọn òbí pé ká dá ₦10,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ká lè ra "nǹkan tó jọjú". Lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan o! Ẹ bá mi ṣe ìṣirò onímejì. Kí ni mo lè fún wọn tí wọn ò ní pè mí láhun, tí kò sì ní di ẹrù sí wọn lọ́rùn?

Bàbá_Àrẹ̀mú:
Ẹ ká owó sínú ẹnfilóòpù, ó parí. Kò sí tíṣà tó ń fi kọ́ọ̀bù ra gààrí.

Tíṣà_Òṣogbo:
Bọ̀dá ẹ ò parọ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń gba ẹ̀bùn náà sọ tèmi. Ọdún 17 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Kọ́ọ̀bù mọ́kànlélógún tí wọ́n kọ "Best Teacher" sí lára ló wà nílé mi, ẹnì kan sì ni mí, ọkọ mi ti gbin efinrin sínú méjì. Owó dáa, ta ló kórìíra ẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí mo wà wọn ò gbà kí tíṣà gba owó lọ́wọ́ òbí mọ́, torí náà ẹ kọ́kọ́ wádìí ní sùkúù tiyín. Ẹ má sì gbé ohunkóhun wá kí ìdánwò tó parí. Ẹ jẹ́ kí máàkì ti wọnú rìpọ́ọ̀tù káàdì ná, tí ẹ bá gbé e wá ṣáájú àwọn òbí tó kù á máa yínmú, èmi gan-an ò sì ní lè máàkì ọmọ yín kí ọkàn mi balẹ̀.

Àwọn nǹkan tó wúlò fún mi jù nìyí. Agbòjò, kì í ṣe èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí lódìkejì lọ́jọ́ kìíní o. Páálí bírò pupa kan, àpò ara wa la fi ń ra bírò tá a fi ń máàkì, ṣé ẹ mọ̀? Ẹ̀pà sísun tí wọ́n bó, tí wọ́n rọ sínú ìgò tó mọ́, ẹ̀yìn bréèkì là ń jẹ ẹ́ kí ebi má báà jẹ́ ká bú ọmọ ọlọ́mọ.

Àmọ́ èyí tí mi ò lè gbàgbé, bébà lásán ni. Ọmọ kan wà tí kò mọ b yàtọ̀ sí d. Mo kọ́ ọ kó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, kó na àtàǹpàkò sókè, kó kàn wọ́n pọ̀, ti òsì ni b, ti ọ̀tún ni d, àárín wọn ni lẹ́tà e dùbúlẹ̀ sí, ó di "bed". Tó bá ń kọ̀wé àá rí i tó máa rọra di ẹ̀ṣẹ́ lábẹ́ tábìlì kó tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Nígbà tí tọ́ọ̀mù parí ìyá ẹ̀ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí mi, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ òun ń kàwé fún bàbá ẹ̀, bàbá sì rí ọwọ́ ẹ̀ nísàlẹ̀, ó bi í pé ta ló fẹ́ bá jà. Àbàwọ́n epo wà létí bébà yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ àdògán ló ti kọ ọ́. Ó wá kọ ẹ̀dà kejì sí H.M., ọ̀gá sùkúù wa. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ tí mo ń wá iṣẹ́ lọ síbòmíì, lẹ́tà yẹn ni H.M. fà yọ nínú fáìlì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tèmi. Ẹ̀dà H.M. yẹn, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìyá_Tèmi_Peckham:
Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀pà láéláé, ìlú Ọba ni mo wà, mo fi tọkàntọkàn sun ẹ̀pà lọ fún tíṣà ọmọ mi, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni gbé àdó olóró wá, wọ́n ní ẹ̀pà ò gbọdọ̀ wọ sùkúù àwọn torí ara àwọn ọmọ kan ò gbà á. Mo jẹ ẹ́ tán nínú bọ́ọ̀sì.

Ọdún kejì ẹ̀ ni mo gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi fi adìrẹ ránṣẹ́ láti Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, adìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, mo gé e bí ìwọ̀n áńkáṣíìfù ńlá, mo sì kọ ọ́ sórí káàdì kékeré pé ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, tí wọ́n bá wá rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró. Tíṣà náà gbé e kọ́ ògiri kíláàsì! Tọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e ó ní káwọn ọmọ fi ìyẹ̀fun àti omi ya tiwọn. Níbí, ọmọ 30 ló máa ń wà ní kíláàsì àwọn kékeré, ẹ wo iye páálí ṣokoléètì tí tíṣà kan máa rù lọ sílé, ó ní aṣọ yẹn nìkan ni kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

Télọ̀_Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ara Ìbàdàn ni wá kẹ̀. Ẹ lọ sọ́jà Gbági, ẹ ra yáàdì ankara kan ṣoṣo, tó bá jẹ́ pé ẹ ní èyí tó ṣẹ́kù nílé ẹ má tiẹ̀ rà. Báàgì bírò mẹ́fà máa jáde níbẹ̀, tinú tòde, síìpù ínṣì mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ lò, kí bírò lè wọlé dáadáa. Ẹ ní kí télọ̀ yín fi òwú kọ orúkọ tíṣà sí i, orúkọ ẹ̀ gan-an o, kì í ṣe "Class Teacher".

Bàbá_Àrẹ̀mú:
Mo ti gbọ́ o, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àmọ́ bàbá ẹnu géètì, owó ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má lọ gbé báàgì bírò fún bàbá tó gbé ọmọ yín sọdá ẹrẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ibi tí mo bá a dé nìyí: ankara tí mo fi ṣe ìkómọ àwọn ìbejì ṣì kù nínú àpótí, òun ni télọ̀ ń fi rán báàgì méjì, màá kó bírò pupa sí i. Àǹtí ọ̀sán máa gba agbòjò, mo ti ṣí i pa á nígbà mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á títí ó fi bínú. Bàbá géètì, ₦4,000 àti bàtà rọ́bà ẹlẹ́rẹ̀ tí ọkọ mi rà tí kò bá a lẹ́sẹ̀ mu, tuntun ni. Mo sọ fún àwọn ará WhatsApp pé kí wọ́n má ka èmi mọ́ ₦10,000 yẹn, ẹni méjì sì ti yọ́ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé àwọn náà ò ní in.

Ó ku lẹ́tà. Mo ti kọ tèmi, pẹ̀lú ẹ̀dà H.M. Mo ní káwọn ọmọ náà kọ ìlà mẹ́ta mẹ́ta sísàlẹ̀ ẹ̀. Táíwò ti parí tiẹ̀ tipẹ́, ó tún fẹ́ máa bá Kẹ́hìndé kọ tiẹ̀, mo ti lé e lọ sí pálọ̀.