Lórí "apoepo": ojú ni kábúrétọ̀ fi ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Kàbà, ọ̀kun o.

Ọ̀gá wa tí ó kọ̀wé láti Ìsánlú dábàá pé kí a máa pe kábúrétọ̀ ní "apoepo", nítorí pé òun ni ó ń po epo bẹntiróò mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, gẹ́gẹ́ bí apoògùn ṣe ń po oògùn. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò lábùkù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni n kò fara mọ́, ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo sì ti rí ìdí rẹ̀.

Àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní Kánádà kó kábúrétọ̀ méjì wálé, èyí tí ó tú lára ọkọ̀ orí òjò dídì kan tí wọ́n ti pa tì. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ "òjò dídì" ni, yìnyín tí ó máa ń bọ́ lu páànù wa kọ́ ni ọkọ̀ yẹn ń sáré lórí rẹ̀.) Ó fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn sára ẹ́ńjìnnì alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó ń tò jọ fún ìrìn oko. Òun àti mẹkáníìkì àdúgbò wa ni wọ́n jọ ń ṣe é, èmi sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò, torí orúkọ tí wọn yóò máa pe nǹkan kọ̀ọ̀kan ni mo wá gbọ́.

Ẹnu kábúrétọ̀ náà fẹ̀ ju ẹnu ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n sì fi òrùka irin àti rọ́bà yanjú ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí ó gbà wọ́n lákòókò ni jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin pínníṣín tí ó ní ihò láàárín, tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi òtútù ni wọ́n ti to kábúrétọ̀ náà fún ọkọ̀ orí òjò dídì yẹn. Bí òtútù bá dé 20 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ inú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 1.39; ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, tí ooru bá dé 35, kò ju nǹkan bíi 1.15 lọ. Epo tí ó bá afẹ́fẹ́ tibẹ̀ mu yóò pọ̀ jù fún tiwa, èéfín dúdú yóò máa jáde, èédú yóò sì bo pílọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tí ó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà wà lára jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ṣe tóbi tó ni epo tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí mẹkáníìkì yọ pílọ́ọ̀gì wò, gbólóhùn kan péré ni ó sọ: "Ojú rẹ̀ ti fẹ̀ jù." Ihò jẹ́ẹ̀tì ni ó ń pè ní ojú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa. Kò sí ẹni tí ó yí ọ̀nà ìpopọ̀ padà títí iṣẹ́ fi parí. Ìwọ̀n ni wọ́n ń yí. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ mìíràn ni "po epo" jẹ́ lẹ́nu ẹni tí ó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń da ọ́ìlì sínú bẹntiróò rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ni apoepo, inú kẹ́ẹ̀gì ni ó sì ti ń pò ó. Bí a kò bá tún fàmì sí i, ta ni kò ní kà á sí àpò epo? Ní abúlé wa, epo pupa ni yóò kọ́kọ́ wá sí onítọ̀hún lọ́kàn.

Ẹlòmíràn ti dábàá "awọ́nepo", pé ó ń wọ́n epo bí ẹni ń wọ́n omi sílẹ̀. Ó sún mọ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ojú wa ṣì ń rí ọ̀wọ́n epo, n kò sì fẹ́ ọ̀rọ̀ tí yóò máa rán wa létí ìlà ilé epo.

Èrò tèmi ni pé kí a fi kábúrétọ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n, kí a wá orúkọ fún àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀. Kí jẹ́ẹ̀tì máa jẹ́ "ojú ìwọ̀n", kí a sì ní ojú ìwọ̀n ńlá àti ojú ìwọ̀n kékeré. Ẹni tí ó ti ra gààrí ní mọ́dù rí kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ti ṣóòkì, ìyẹn ohun tí a ń fà kí ẹ́ńjìnnì tútù lè jí, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá tẹ̀ lé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ó pè é ní "adọ́fun", èyí sì bá jẹnẹrétọ̀ mu, nítorí irin pẹlẹbẹ kan ni ó ń dí ọ̀fun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n nínú kábúrétọ̀ tí àbúrò mi kó wá, kò sí ohun tí ó dí ọ̀fun rárá: ọ̀pá kékeré kan ni a ń fà sókè, òun ni ó ń ṣí ọ̀nà mìíràn fún àfikún epo kí ẹ́ńjìnnì tútù lè jí. Orúkọ kan, iṣẹ́ kan, ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "amẹ́rọjí", lórí àpẹẹrẹ amúlétutù, kí ó lè gba méjèèjì.

Abẹ́rẹ́ ni ó kù. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ihò kan nínú kábúrétọ̀ yìí, ihò náà kò sì ṣe é pè ní "ojú abẹ́rẹ́", nítorí ojú abẹ́rẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ wà lára abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, òwú ni ó sì ń wọ ibẹ̀. Níhìn-ín, abẹ́rẹ́ ni ó ń wọ ojú. Mo ń rò ó bóyá "akọ̀ abẹ́rẹ́" yóò dára, bí a ti ń sọ pé akọ̀ idà. Nígbà tí mo dán an wò lẹ́nu mẹkáníìkì wa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. N kò mọ̀ bóyá ó gbà á. Ẹ bá mi bi àwọn ti Ìsánlú àti Mọ̀pà léèrè ohun tí wọ́n ń pè é.