Kí ló fà á tí owó iṣẹ́ àwọn obìnrin Latina fi kéré ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Láti 1963 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n san owó kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí ló wá dé tí obìnrin Latina, ìyẹn obìnrin tí orírun rẹ̀ jẹ́ Latin America (láti Mexico lọ sí gúúsù), kì í rí tó 60 sẹ́ǹtì gbà nígbà tí ọkùnrin aláwọ̀ funfun bá gba dọ́là kan?

Ìdáhùn 1: Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rí ṣe wà lára ohun tó fà á. Òfin owó iṣẹ́ ti 1938, tó sọ iye tó kéré jù tí wọ́n lè san fún òṣìṣẹ́, yọ òṣìṣẹ́ oko àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí ṣe. Ó di 1974 kí wọ́n tó ka àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé mọ́ ọn.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àlàfo náà wà láàárín àwọn tó gboyè yunifásítì pẹ̀lú. Ní tèmi, àṣírí owó ló yẹ kí a tú. Ìpínlẹ̀ Colorado ti pàṣẹ láti 2021 pé kí ilé iṣẹ́ kọ iye owó sínú ìpolówó iṣẹ́, ìpínlẹ̀ California sì ti fòfin de bíbéèrè iye tí ènìyàn ń gbà tẹ́lẹ̀, kí ìrẹ́jẹ àná má baà tẹ̀ lé obìnrin dé ibi iṣẹ́ tuntun.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú ńkọ́?

Ìdáhùn 1: Òfin owó iṣẹ́ kàn án pẹ̀lú, ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ kó fẹjọ́ sùn.