Smith tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Cavan:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní agbègbè Cavan ní Ireland. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Smith. Lọ́jọ́ kan, mo ń gé èékánná fún un, mo wá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà gba London débí bíi tèmi?" Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ mi. Ó ní kò sí babańlá òun kankan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Mac Gabhann ni àwọn. Gabha ni alágbẹ̀dẹ lédè Gaelic, mac sì ni ọmọ. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ! Ẹ̀rín pa mí, torí ìdílé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí ìyá ìyá mi, Ògún ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo wọn. Mo ṣàlàyé fún bàbá. Ó ní kí n máa gé èékánná òun lọ.

Nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí mọ́, mo ń wádìí kiri. Smith ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò le: smið ni wọ́n ń pe ẹni tó ń lu irin láyé àtijọ́, kò sì sí abúlé tí kò nílò ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló wọ́pọ̀ jù nínú orúkọ ìdílé ní England. Ti Cavan yàtọ̀. Ìdílé ńlá ni Mac Gabhann ní ilẹ̀ Bréifne àtijọ́, tí Cavan wà nínú rẹ̀, lábẹ́ àwọn O'Reilly tó ń jọba níbẹ̀. Nígbà tí agbára Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, bí orúkọ ṣe ń dún létí ni wọ́n fi kọ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn: Ó Ceallaigh di Kelly, ó parí. Ti Mac Gabhann, ìtumọ̀ ni wọ́n mú, wọ́n sì ju orúkọ fúnra rẹ̀ nù. Lọ sí Leitrim tàbí Donegal, wàá ṣì rí McGowan. Ní Cavan, Smith ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí Robert Matheson, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìbí, ka orúkọ inú ìwé ìbí ọdún 1890, Smith ló ṣe ìkarùn-ún ní gbogbo Ireland. Murphy, Kelly, Sullivan àti Walsh nìkan ló ṣáájú rẹ̀.

Ẹ óò rí àwọn tó máa sọ pé òfin 1465 ló fà á. Òótọ́ ni pé òfin náà wà. Ó pàṣẹ fún àwọn Irish tó ń gbé láàárín Gẹ̀ẹ́sì ní Dublin, Meath, Louth àti Kildare pé kí wọ́n mú orúkọ ìlú, tàbí orúkọ àwọ̀ bíi White, tàbí ti iṣẹ́ bíi Smith àti Carpenter. Ṣùgbọ́n ẹ tún orúkọ agbègbè mẹ́rin yẹn kà. Cavan ò sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Dundalk:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rán mi létí ìtìjú mi. Iléèwé tí wọ́n ti ń fi èdè Gaelic kọ́ ọmọ ni àwọn ìbejì mi ń lọ. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà, Nic Gabhann ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń jẹ́ Mac Gabhann. Lẹ́tà tí tíṣà kọ sí ìyá wọn, Mhic Gabhann ló wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí káàdì ọjọ́ ìbí dé, Smith ni mo bá níbẹ̀! Mo ti ń káàánú obìnrin náà nínú ọkàn mi, mo ní ọkọ mélòó lèyí ti wá fẹ́ báyìí.

Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn nígbà tí mo bi í. Ọkùnrin ló ń jẹ́ Mac, ọmọbìnrin ń jẹ́ Nic, ẹni tó fẹ́ ọkùnrin ilé náà ń jẹ́ Mhic. Orúkọ kan ṣoṣo ni. Ó ní Smith ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù gbogbo àwọn.

Sàró Olówógbowó:

Èmi gan-an ni Smith o, Èkó sì ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n ba eré yín jẹ́ díẹ̀.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ tiwa? Lẹ́yìn òfin 1807 tó fòpin sí òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ènìyàn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń já wọn sí Freetown, orúkọ àwọn míṣọ́nnárì àti ti àwọn tó ń fowó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ gbà níbi ìrìbọmi. Bí Àjàyí ṣe di Samuel Crowther ní 1825 nìyẹn, àlùfáà kan ní London ló ni orúkọ náà. Bí babańlá mi ṣe di Smith kò yàtọ̀.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó orúkọ àwọn ará ilé wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń to ìran ìdílé. Kò pẹ́ tí òyìnbó kan fi kọ̀wé sí mi pé ìbátan ni wá, òun ti so babańlá mi mọ́ ìdílé òun ní Cavan. Mo ní ẹ̀rí wo? Ó ní orúkọ. Mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan bọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó nígbà yẹn. David Brown Vincent di Mọjọlá Agbébí ní 1894, J. H. Samuel di Adégbóyèga Ẹdun. Bàbá bàbá mi ò bọ́ tirẹ̀, Smith ló wà nínú ìwé ilẹ̀ wa. Ta ló fẹ́ padà lọ bá lọ́yà?

Ìyá Ìbejì, Dundalk:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Sàró. Ọdún kan ṣáájú ti Agbébí, ní 1893, ni wọ́n dá Gaelic League, ẹgbẹ́ tó ń gbé èdè Gaelic lárugẹ, sílẹ̀ níbí, tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn padà sí ti Gaelic. Àwọn yòókù ń jẹ́ Smith lọ bíi ti bàbá bàbá yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Perth:

Kúkúrú ni tèmi. Ní Scotland, gobha ni alágbẹ̀dẹ lédè Gaelic tiwọn, òun ló di Gow. Ní 1396, ìdílé méjì kó ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ọkùnrin jà níwájú ọba Robert III, ní pápá kan níbí. Ẹnì kan dín lápá kan. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ìlú ló gbowó tó kún iye náà, ó sì wà lára àwọn tí kò kú. Àwọn Gow kan ń sọ pé òun ni babańlá àwọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba pápá yẹn kọjá ni mò ń bi ara mi pé èló ni wọ́n san.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Cavan:

Sàró, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ìyẹn ló jẹ́ kí n rọra ṣe. Bàbá fúnra rẹ̀ sọ pé Smith kan wà lódìkejì ọ̀nà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọmọ Ìjọ Ireland, ìyẹn Áńgílíkà, tó sọ pé àwọn bá àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún nílẹ̀ lẹ́yìn 1609 wọ̀lú. Ojúlé kan sí èkejì, Smith ni wọ́n, wọn ò bára tan.

Ìwé ìkànìyàn 1901 àti 1911 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wá bàbá bàbá rẹ̀ títí mo fi rí i nínú ti 1911: Kátólíìkì, àgbẹ̀, Smith. Mo gbé fóònù sí bàbá lójú. Ó wò ó pẹ́. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní ṣé orúkọ yẹn náà ni àwọn ti ń jẹ́ látọjọ́ yìí?

Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú ìsàlẹ̀ ìwé náà tóbi sí i. Bàbá àgbà ò mọ̀wé. Àmì X ló fà síbẹ̀, ọlọ́pàá tó ń ka ènìyàn ló kọ ìyókù.

Bàbá fi ìka gbá fóònù mi. "Ṣé o rí i? Òun kọ́ ló kọ Smith."