"Dárúkọ òṣùwọ̀n" yàtọ̀ sí "ṣẹ́ òṣùwọ̀n"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àgbádárìgì. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìkòròdú dábàá pé nínú àkọsílẹ̀ Yorùbá wa, kí a lo "yí òṣùwọ̀n padà" (òṣùwọ̀n ni ètò tí à ń fi nọ́ńbà sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé) fún iṣẹ́ méjì tí à ń fi R, èdè ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ṣe sí ibùdó orí máàpù: st_set_crs, tó ń sọ òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà wà, àti st_transform, tó ń ṣírò nọ́ńbà sí òṣùwọ̀n mìíràn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ti tó, kí a má baà kó ìdààmú bá akẹ́kọ̀ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gan-an ló ń kó ìdààmú bá wọn, ó sì ti ṣojú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé fáìlì kànga wá. Àwọn kànga náà wà ní Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Fóònù ni wọ́n fi mú ibi tí wọ́n wà, nítorí náà dígírì ló wà níbẹ̀: ti Àgbádárìgì jẹ́ 2.88 ní òòró, 6.42 ní ìbú. Ti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ 3.98 àti 6.58. Ó fẹ́ gbé wọn lé orí sọ́fè tí wọ́n fi mítà yà. Ó ṣí àkọsílẹ̀ Yorùbá tí a jọ ń lò, ó rí "yí òṣùwọ̀n padà", ó tẹ st_set_crs, ó sì fi 32631 sí i, ìyẹn nọ́ńbà UTM (òṣùwọ̀n tó pín ilẹ̀ ayé sí ẹkùn ẹkùn) ti ẹkùn 31 ní àríwá, tó ń ka mítà. R gbà á láìjanpata. Lójú kọ̀ǹpútà, 3.98 ti di mítà mẹ́rin ó dín díẹ̀, 6.58 ti di mítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Gbogbo kànga wa bọ́ sínú òkun, lẹ́bàá ìlà agbedeméjì ayé, ní gúúsù Gánà. Láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́ wá di nǹkan bíi mítà kan! Ọ̀nà tó jẹ́ pé bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ó lé ní kìlómítà 120.

Ohun tí ọmọ náà kà ló ṣe. Àwa tí a kọ ọ́ la ṣì í lọ́nà.

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà sí wa níbí, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Ẹni tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Kútọnu á kọ́kọ́ ṣẹ́ náírà rẹ̀ sí séfà. Á na owó sí ẹni tó jókòó ti tábìlì. Ìyẹn á lá ìka, á kà á, á tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, á wá ka séfà lé e lọ́wọ́. Iye tó wà lórí owó ti yàtọ̀, ohun tó níye lórí kò yàtọ̀. Bí st_transform ṣe ń ṣe nìyẹn: kànga kò kúrò níbi tó wà, nọ́ńbà rẹ̀ ló di òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá mú bírò, tó kọ "séfà" sára ẹgbẹ̀rún náírà, ẹ ò ní sọ pé ó ṣẹ́ owó. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe sí kànga rẹ̀ nìyẹn.

Mo dábàá "dárúkọ òṣùwọ̀n" fún st_set_crs, àti "ṣẹ́ òṣùwọ̀n" fún st_transform. Dídárúkọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ní kí R ṣẹ́ ohun tí ẹ kò tíì dárúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀, yóò kọ̀ jálẹ̀, bí ẹni tó ń ṣẹ́ owó yóò ṣe kọ owó tí kò mọ ìlú tó ti wá.

Àbúrò wa kan ní Ẹ̀pẹ́ ti sọ pé bí a bá sọ "ṣẹ́" di ọ̀rọ̀-orúkọ, "ìṣẹ́" ni yóò jáde, ta ló sì fẹ́ ka ìṣẹ́ àti òṣì nínú ìwé ìṣirò? Òótọ́ ni. Àmọ́ èmi ò tíì gbọ́ "ìṣẹ́ owó" lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. "Owó ṣíṣẹ́" là ń sọ. Ẹ jẹ́ ká máa kọ "òṣùwọ̀n ṣíṣẹ́". "Àtúnwọ̀n" tí òun dábàá dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé awọnlẹ̀ tún gbé téèpù padà wọ igbó. "Ìtúmọ̀" ńkọ́? Ó ti níṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́.

Ibì kan ṣì wà tó ń dùn mí. Àwọn kan kọ̀wé pé bí òṣùwọ̀n méjì bá ti jọ ń ka mítà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Rárá o. 26331 àti 32631, UTM ẹkùn 31 ni méjèèjì, mítà ni méjèèjì ń kà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn, ìyẹn ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀: Minna ni ti àkọ́kọ́, WGS 84, tí fóònù ń lò, ni ti èkejì. Ẹ mú nọ́ńbà orí sọ́fè àtijọ́ tó jẹ́ ti Minna, ẹ pè é ní WGS 84, yóò fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mítà yà síra. Púlọ́ọ̀tì tiwa níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀, 120 ní gígùn. Ẹ ti bá ara yín nínú ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, "ìpìlẹ̀ òṣùwọ̀n" gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ "pílà ìpìlẹ̀", torí pílà ni àwọn awọnlẹ̀ wa ń pè é, àti pé láti orí pílà L40 ní Minna ni ti Minna ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n WGS 84 kò ní pílà kankan. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ ayé ló ti ń kà. Mo fi pílà sílẹ̀.

Ọmọ náà ti tún un ṣe: ó dárúkọ 4326, ìyẹn nọ́ńbà WGS 84 tó ń ka dígírì, ó ṣẹ́ ẹ sí 32631. Àgbádárìgì jáde ní nǹkan bíi 487,000 sí ìlà-oòrùn, Ẹ̀pẹ́ ní nǹkan bíi 608,000. Ó bi mí pé kí ló dé tí tiwa fi dín ní 500,000. Mo ní kó wo ibi tí òòró 3 gbà kọjá, torí ibẹ̀ ni UTM fi 500,000 sí. Ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ la wà.