Ìbéèrè: 715 tí wọ́n kọ sára ọgbà kan ní Atlanta, kí ló dúró fún?

Ìyá Tòmíwá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe baseball níléèwé rẹ̀ níbí ní Atlanta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a gba Summerhill kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré tí yunifásítì Georgia State ń lò, a sì rí ọgbà kékeré kan tó dá dúró níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Wọ́n kọ orúkọ Hank Aaron síbẹ̀ pẹ̀lú 715. Ọmọ bi mí léèrè, mi ò rí èsì fún un. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni èmi gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là á yé mi.

Àlàó Decatur

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú mi dùn pé ọmọ yẹn dúró wò ó, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń páàkì síbẹ̀ tí wọn ò wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Pápá ìṣeré ńlá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Atlanta-Fulton County Stadium, ilé àwọn Braves, ẹgbẹ́ baseball Atlanta. Wọ́n wó o ní 1997. Ọgbà tí ẹ rí yẹn ni wọ́n fi sàmì síbi tí bọ́ọ̀lù kan ti fò kọjá lálẹ́ ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 1974.

Home run ni wọ́n ń pe irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú igi lọ́wọ́ á gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i, bọ́ọ̀lù á fò ré ọgbà kọjá, òun náà á wá rọra sáré yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Babe Ruth, òyìnbó tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé gẹ̀gẹ̀ ju gbogbo àwọn tó ṣe eré yìí lọ, gbá 714 kó tó fẹ̀yìn tì ní 1935. Ọdún mọ́kàndínlógójì kọjá, kò sẹ́ni tó borí rẹ̀.

Hank Aaron ti Braves, aláwọ̀ dúdú, ọmọ Mobile ní Alabama, wá parí sáà 1973 pẹ̀lú 713. Ó ku ẹyọ kan kó bá Ruth dọ́gba, ó ku méjì kó kọjá rẹ̀. Lẹ́tà tó gbà lọ́dún yẹn tó nǹkan bí 930,000. Ọ̀pọ̀ ló kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó burú nínú wọn burú jáì: wọ́n bú u, wọ́n bú àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ní tó bá fi lè kọjá Ruth, pípa làwọn máa pa á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní yunifásítì Fisk ní Nashville nígbà náà, wọ́n ní àwọn á jí òun náà gbé, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, sì ń ṣọ́ ọ. Ọlọ́pàá Atlanta kan, Calvin Wardlaw, ń tẹ̀ lé Aaron kiri. Inú àpò awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn ló máa ń fi ìbọn rẹ̀ pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹrin, ní Cincinnati, ìgbà àkọ́kọ́ tó fì igi lọ́dún yẹn ló fi gbá 714. Wọ́n wá padà sílé. Èèyàn 53,775 ló wà ní pápá lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ yẹn. Al Downing ti Los Angeles Dodgers ló ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Nọ́ńbà 44 ni Downing wọ̀, 44 náà sì ni Aaron wọ̀. Aaron gbá 715 sí apá òsì, Bill Buckner ti Dodgers sáré tẹ̀ lé e títí ó fi gun ọgbà, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Tom House, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Braves, ló hán an lódì kejì, ó sì sáré gbé e wá fún un.

Bí Aaron ṣe ń yí béèsì ká, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó méjì bẹ́ sórí pápá, wọ́n sáré lọ bá a láti ẹ̀yìn. Wardlaw ń wò wọ́n láti orí ìjókòó, ìbọn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: lẹ́yìn gbogbo lẹ́tà yẹn, àjèjì méjì tún yọ sí i lójijì! Wardlaw ò yìnbọn. Ṣe ni wọ́n fọwọ́ gbá a léjìká, wọ́n kí i, wọ́n sì sá lọ. Nígbà tó yí béèsì ká tán, Estella, ìyá rẹ̀, dì mọ́ ọn gírígírí, kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Fídíò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdìmọ́ yẹn ni mo máa ń wò ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ohun kan ṣì ń dùn mí níbẹ̀. Bowie Kuhn, ọ̀gá pátápátá fún eré náà, ò wá sí Atlanta lálẹ́ yẹn. Cleveland ló wà. Monte Irvin ló rán wá, bí wọ́n sì ṣe dárúkọ Kuhn báyìí, èrò hó lé e lórí. Wọ́n jàre.

Ọmọ Ẹ̀gbá Chicago

Ẹ̀gbọ́n Àlàó, ẹ ṣeun gan-an sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀dọ̀ wa kún un. Minnie Miñoso, ọmọ Perico ní Matanzas, Cuba. Matanzas yìí wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí oko ìrèké, wọ́n ṣì ń lu bàtá fún òrìṣà níbẹ̀ dòní. Oko ìrèké náà ni Miñoso ti dàgbà. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 1951 ló di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣeré fún White Sox, ẹgbẹ́ Chicago níbí, ìgbà àkọ́kọ́ tó sì mú igi fún wọn ló gbá home run, Yankees ni wọ́n ń bá ṣe é. Ọdún mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fi jẹ́ ẹni tí bọ́ọ̀lù bà lára jù ní líìgì wọn, síbẹ̀ kì í sún sẹ́yìn. Ó kú ní 2015. Ọdún 2022 ni wọ́n tó gbà á wọ Hall of Fame ní Cooperstown, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn ògbóǹtagí eré yìí. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é lójú ayé rẹ̀.

Ìyá Tòmíwá

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka ti ìyá Aaron yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin bàbá wa, ṣé kí n sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn fún ọmọ ọdún mẹ́wàá? Ó tún ní kí n béèrè ẹni tó wà lókè báyìí, àti ìdí tí kóòṣì wọn fi ní gbogbo èèyàn máa ń wọ 42 lọ́jọ́ kan.

Àlàó Decatur

Ẹ sọ fún un. Ẹ lè kọ́kọ́ sọ ti abọ́. Ní 1952, Aaron ṣì ń ṣe fún Indianapolis Clowns, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n jẹun nílé oúnjẹ kan ní Washington, bí wọ́n ṣe jẹ tán ni wọ́n gbọ́ ọ tí wọ́n ń fọ́ abọ́ tí wọ́n fi jẹun nínú kíṣìnnì, torí pé ọwọ́ dúdú ti kàn án. Aaron fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á lóye ìyẹn, á sì tipa bẹ́ẹ̀ lóye lẹ́tà.

755 ni Aaron ní nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1976. Barry Bonds kọjá rẹ̀ ní 2007, 762 ló sì parí sí. Àríyànjiyàn oògùn agbára pọ̀ lórí ti Bonds, síbẹ̀ Aaron gba fídíò sílẹ̀ láti kí i, wọ́n gbé e sójú pápá lálẹ́ náà. Kí Tòmíwá tún ṣe ìṣirò yìí: gbogbo bọ́ọ̀lù tí Aaron gbá tó fi dé béèsì láyọ̀ jẹ́ 3,771. Tí ẹ bá yọ 755 home run kúrò, 3,016 ló kù, bẹ́ẹ̀ 3,000 ni wọ́n fi ń mọ ògbóǹtagí nínú eré yìí. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí wọ́n bá sọ pé home run nìkan ló mọ̀ ọ́n gbá.

42 ni nọ́ńbà Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ wọ líìgì ńlá nígbà tó ṣe fún Brooklyn Dodgers lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin 1947, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn líìgì náà mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú fún bí ọgọ́ta ọdún. Ọdọọdún ni gbogbo wọn máa ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Tí Braves bá wà nílé ní Truist Park, ẹ mú un lọ. Ère Aaron wà nínú ibẹ̀, ẹ tètè dé kó ráyè wò ó dáadáa kí eré tó bẹ̀rẹ̀.