Àpólò wọ ilé wa n'Ìkọ̀lé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín

Ọmọ Oníyán, Ìkọ̀lé
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni. Àbúrò mi ọkùnrin ti Èkó dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ojú rẹ̀ ọ̀tún pọ́n bí ata. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ipin ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi rẹ ẹ́ kó tó là. Màmá wa figbe ta: "Àpólò ni! Kẹ́nikẹ́ni má wò ó lójú o!"

La bá wá awò dúdú fún un. A ní kó máa kọjú sógiri tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ń fọwọ́ bojú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí).

Ó wá di ọ̀sán, iyán délẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe ń rí: abọ́ ìṣanwọ́ kan ṣoṣo. Bàbá á kọ́kọ́ ṣan, wọ́n á sún un sẹ́ni tó tẹ̀ lé wọn, títí yóò fi kan èyí tó kéré jù, omi á ti funfun bí omidùn. Àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìka nu ipin lábẹ́ awò ló ṣan ṣìkẹta. Àwa mẹ́fà la ṣan lẹ́yìn rẹ̀. Táwẹ́lì kan náà tó ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni gbogbo wa sì fi ń nujú.

Kó tó di ọjọ́ Ajé, ó ti mú àwa mẹ́rin. Màmá tí kò wò ó lójú rárá ló kọ́kọ́ mú! Aládùúgbò kan ní ká kán omi ọmú sí i, òmíràn ní ìtọ̀. Mo ní rárá o. Nọ́ọ̀sì tá a lọ bá rẹ́rìn-ín. Ó ní wíwò kọ́ ló ń ràn án, inú omi ojú àti ipin ni kòkòrò ẹ̀ wà, ọwọ́ wa sì lọkọ̀ tó ń wọ̀. Ó ní kálukú lo táwẹ́lì tiẹ̀ àti ìrọ̀rí tiẹ̀, ká máa fọ ọwọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, pẹ̀lú ọṣẹ. Ó tún ní bí ojú ẹnikẹ́ni bá ń ṣe bàìbàì, kó tètè padà wá.

Tíṣà Àgbà, Ọ̀yẹ́
Ọdún 1969 lorúkọ Àpólò yẹn ti wá, ọdún táwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sínú òṣùpá. Ọdún yẹn náà ni àìsàn ojú ọ̀hún bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, kó tó tàn dọ́dọ̀ wa. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Wọ́n ní eruku òṣùpá ni Apollo 11, ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ, gbọ̀n sílẹ̀, àwa náà gbà.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Ìkẹ́rẹ́
Tiwa ò tọwọ́ wá. Èéyi ni. Ìbejì mi pé oṣù mẹ́jọ, abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án ò tíì kàn wọ́n. Mo gbé wọn lọ sí yàrá ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ kan tó ń húkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níbẹ̀ ni, ojú pípọ́n àti ọ̀fìnkìn nìkan la rí lára rẹ̀, kò sí èésú kankan. Ọjọ́ kẹta la gbọ́ pó ti sú bo gbogbo ara ọmọ náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ara Táyé gbóná, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Wọn ò tiẹ̀ fara kan ọmọ yẹn! Nọ́ọ̀sì ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, pó lè wà nínú yàrá tó wákàtí méjì lẹ́yìn tẹ́ni tó ń ṣe bá ti lọ, àti pé ó ti ń ràn fún bí ọjọ́ mẹ́rin kó tó sú síta. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ti gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ń sùn tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, nǹkan kan ò ṣe é.

Onígbàjámọ̀, Adó
Ẹ má bínú, èmi ni mo ràn án. Làpálàpá. Búrọ́ṣì nìkan ni mo fi ń gbọn kílípà tẹ́lẹ̀. Ọmọ ilé kan náà mẹ́ta ló kó o lórí, ìyá wọn ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ọjà. Sípíríìtì ni mo ń lò báyìí kí n tó kan orí ẹlòmíì.

Ọmọ Oníyán, Ìkọ̀lé
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra bútà fún ilé wa, kí ẹnì kan máa da omi sí wa lọ́wọ́. Bàbá ní ṣé àlùwàlá la fẹ́ ṣe ni. Àmọ́ lánàá, kí iyán tó délẹ̀, wọ́n ti na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n ń retí omi.